Bí Ẹ Ṣe Lè Ta "Sweet Home Alabama" Lórí Jìtá Kí Àwọn Èèyàn sì Mọ Orin Tí Ẹ Ń Ta

Ẹni tó bá ti ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì fún oṣù mẹ́ta ti mọ gbogbo kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí a ń ta pa pọ̀) tó ṣe pàtàkì nínú "Sweet Home Alabama". D, C àti G ni. Síbẹ̀, ẹ ní kó ta á kí ẹ gbọ́: ó lè ta á dé òpin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ orin tó ń ta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà nìyẹn. Mo jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, mo ta á tọkàntọkàn. Bọ̀dá mi tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi ṣe tán, wọ́n ní, "Ó dáa o. Àmọ́ orin wo nìyẹn?"

Ọwọ́ òsì mi tó ń tẹ okùn ò ṣe àṣìṣe kankan. Ọwọ́ ọ̀tún ló tú mi fó. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ lórí ọwọ́ ọ̀tún nínú ìtọ́sọ́nà yìí, tí mo sì máa yára kọjá lórí àwọn nǹkan mìíràn. (Ẹni tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, kó yí ọ̀rọ̀ mi padà bó ṣe ń kà á.)

Ta ló ni orin náà?

Lynyrd Skynyrd ni orúkọ ẹgbẹ́ tó ni ín. Ìlú Jacksonville ní ìpínlẹ̀ Florida, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti dìde. Ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ náà: wọ́n lọ́ orúkọ olùkọ́ eré ìdárayá kan po ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, ẹni tó máa ń bá àwọn ọmọkùnrin tó dá irun sí fa wàhálà. Ọdún 1973 ni wọ́n gba orin yìí sílẹ̀ ní Studio One, ní Doraville, ìpínlẹ̀ Georgia. Ó jáde ní 1974 nínú àwo wọn kejì, *Second Helping*, ó sì dé ipò kẹjọ lórí Billboard Hot 100, àtẹ àwọn orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Èèyàn mẹ́ta ló para pọ̀ kọ ọ́: Ronnie Van Zant tó ń fi ẹnu kọrin, pẹ̀lú Gary Rossington àti Ed King tí wọ́n ń ta jìtá. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé kò sí ọmọ ìpínlẹ̀ Alabama kankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Florida ni ilé àwọn méjì, California ni Ed King ti wá.

Orin èsì ni. Neil Young, akọrin ọmọ Kánádà, ti kọ orin méjì tó fi bá àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà wí nítorí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ aláwọ̀ dúdú. Àwọn Lynyrd Skynyrd dá a lóhùn, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ síta nínú orin. Wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ gómìnà Alabama sí i, George Wallace tó ń jà fún ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà nígbà náà. Títí di òní ni wọ́n ń jiyàn lórí ìlà yẹn, bóyá ìyìn ni àbí èébú. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tó wà nínú orin náà kí ẹ tó kọ ọ́ níta. Ní ti ohùn jìtá rẹ̀, blues àwọn aláwọ̀ dúdú àti country àwọn ará oko ni gbòǹgbò rọ́ọ̀kì Gúúsù yìí, ẹ ó sì gbọ́ méjèèjì nínú rẹ̀.

Jìtá yín

Jìtá èyíkéyìí ló máa ṣe é. Fender Stratocaster, jìtá oníná, ni Ed King lò, ohùn rẹ̀ sì mọ́ tónítóní, kò ha. Bí tiyín bá jẹ́ oníná, ẹ má ṣe fi ariwo tó ń han kún un nínú amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Bí ó bá jẹ́ onígi lásán, kò burú rárá. Òun ni mo fi kọ́ ọ. Ohun kan péré ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ ka àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn jìtá, àwọn tí a ń pè ní fret, títí dé ìkejìlá, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín irin yẹn àti okùn tó nípọn jù. Bí ó bá ju mìlímítà 3 lọ dáadáa, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún jìtá ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó pa jìtá tì, jìtá wọn ló lé wọn sá.

Láti okùn tó nípọn jù (a ó máa pè é ní okùn kẹfà) dé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù (okùn kìíní), ohùn wọn ni E, A, D, G, B, E. Áàpù ọ̀fẹ́ tó ń gbọ́ ohùn okùn pọ̀ lórí fóònù. Bí bátìrì bá kú tí kò sì síná, ẹ tẹ okùn kẹfà ní fret 5, ohùn yẹn ni okùn karùn-ún gbọ́dọ̀ ní. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láti karùn-ún sí kẹrin, àti láti kẹrin sí kẹta. Láti kẹta sí kejì, fret 4 ni. Láti kejì sí kìíní, ó padà sí 5. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ kí ẹ tó ta nǹkan kan, torí pé ọyẹ́ ń gbẹ igi, okùn á sì máa ṣí kúrò ní ohùn rẹ̀.

Ìka kan tí kì í kúrò lójú kan

C tí orin yìí ń lò kì í ṣe C tí wọ́n kọ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ rẹ̀ ni Cadd9. Ó dùn ju C lásán lọ níbí, ó sì rọrùn. Ẹ wo bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe rí:

D: ìka ìfábẹ̀lá lórí okùn kẹta ní fret 2, ìka òrùka lórí okùn kejì ní fret 3, ìka àárín lórí okùn kìíní ní fret 2. Okùn kẹrin ń dún láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan karùn-ún àti kẹfà.

Cadd9: ìka àárín lórí okùn karùn-ún ní fret 3, ìfábẹ̀lá lórí kẹrin ní fret 2, kẹta láìtẹ̀, ìka òrùka lórí kejì ní fret 3, ọmọńdinrín lórí kìíní ní fret 3.

G: ìka àárín lórí okùn kẹfà ní fret 3, ìfábẹ̀lá lórí karùn-ún ní fret 2, kẹrin àti kẹta láìtẹ̀, ìka òrùka lórí kejì ní fret 3, ọmọńdinrín lórí kìíní ní fret 3.

Ṣé ẹ rí i? Ìka òrùka ò kúrò lórí okùn kejì, fret 3, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó dà bí òpó àárín ilé, àwọn ìka yòókù ló ń yí i ká. Láti Cadd9 sí G pàápàá, ìka méjì péré ló ń sún, wọ́n á jọ gòkè sórí okùn kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìka òrùka yín bá ń gbéra nígbà tí ẹ ń pààrọ̀ kọ́ọ̀dù, ẹ dúró, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí D. Mo lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí èyí nìkan, kò dùn mí.

Ẹ pààrọ̀ kọ́ọ̀dù láìta okùn kankan fún ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́. Ọwọ́ òsì nìkan, níwájú tẹlifíṣọ̀n, bí ẹ bá fẹ́. Bí ojú ìka bá ń ta yín, ẹ sinmi. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ara ibẹ̀ á yi.

Kíkà

Ibí lọ̀rọ̀ wà.

Gbogbo orin náà dúró lórí ìyípo kan tó ní kíkà mẹ́jọ. Ẹ kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. D gba ení àti èjì. C gba ẹ̀ta àti ẹ̀rin. G nìkan ló gba kíkà mẹ́rin kejì látòkèdélẹ̀. Àṣìṣe tí gbogbo ènìyàn máa ń ṣe, tí èmi náà ṣe níwájú bọ̀dá mi, ni pé a kì í lè mú sùúrù fún G. Ọwọ́ á ti yá, a ó ti padà sí D ní ẹ̀ta. Lójú ẹsẹ̀ ni orin náà kú, torí pé àárín G yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹnu orin ti ń rí àyè mí, ibẹ̀ sì ni jìtá ti ń ṣe ẹwà.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe é báyìí: ẹ gbé jìtá sílẹ̀. Ẹ tan orin náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn Ed King tó ń kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, kí jìtá tó wọlé. Ẹ máa pàtẹ́wọ́ sí gbogbo kíkà, kí ẹ sì máa pe orúkọ kọ́ọ̀dù sókè bí ó bá ṣe ń yí: "D… C… G…" Ẹ ṣe é títí orin á fi tán. Ẹni tó bá ti lu omele rí kò ní rí i bí iṣẹ́. Omele kì í sáré bá ìyáàlù. Ibi tí wọ́n fi í sí ló ń wà, bí ìyáàlù bá tilẹ̀ ń ṣe wèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyára àwo náà jẹ́ nǹkan bíi kíkà 98 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìyípo kan kò tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, nínú ìṣẹ́jú kan ẹ ó sì pààrọ̀ kọ́ọ̀dù nígbà bíi 37. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi metronome orí fóònù (áàpù tó ń lu kíkà fún yín) sí 50.

Ọwọ́ ọ̀tún

Ẹ di pick, pẹlẹbẹ kékeré tí a fi ń ta okùn, mú láàárín àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, kí ṣóńṣó rẹ̀ tó yọ jáde má pọ̀. A kò ní gba gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti orin ìyìn ọjọ́ Àìkú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ó máa ta wọ́n. Ìlànà náà kan náà ni fún kọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, okùn kejì lẹ́ẹ̀kan, okùn kẹta lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi "àti" sí àárín kíkà: ení-àti-èjì-àti. Ẹ wò ó báyìí. Ìlà òkè ni okùn kìíní, ìlà ìsàlẹ̀ ni okùn kẹfà, nọ́ńbà dúró fún fret, òdo túmọ̀ sí pé ẹ má tẹ̀ ẹ́:

```
   1 + 2 + 3 + 4 +   1 + 2 + 3 + 4 +
E|-----------------|-----------------|
B|-----3-------3---|-----3-----------|
G|-------2-------0-|-------0---------|
D|-0-0-------------|-----------------|
A|---------3-3-----|-------------0-2-|
E|-----------------|-3-3-----3-------|
   D       C         G
```

Èyí kì í ṣe gbogbo ohun tí Ed King ta. Egungun rẹ̀ ni, mo ti bó ẹran ara rẹ̀ kúrò kí ọwọ́ ẹni tó ń kọ́ lè gbé e. Lórí àwo, ẹwà tó ń ṣe ní àárín G kì í jẹ́ bákan náà ní gbogbo ìgbà, ó ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ìyípo bá ṣe ń kọjá. Àmọ́ bí ẹ bá ta èyí tí mo kọ sókè yìí ní kíkà tó péye, ẹni tó wà ní yàrá kejì á mọ orin tí ẹ ń ta. Mo ti dán an wò.

Ẹ ta ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì wálẹ̀, ìyẹn kí pick lọ sí ìhà ilẹ̀. Okùn kejì náà, wálẹ̀. Okùn kẹta nìkan ni kí ẹ ta lọ sókè. Wálẹ̀, wálẹ̀, wálẹ̀, sókè. Ẹ kọ́kọ́ ṣe D nìkan ní ogún ìgbà. Lẹ́yìn náà, D àti C. Ẹ má fi G kún un lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó máa ń bọ́ mọ́ àwọn tó ń kọ́ lọ́wọ́ ni bí ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ṣe gbọ́dọ̀ kúrú. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, lápá ọmọńdinrín, kan àwọn okùn tó nípọn fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti so wọ́n mọ́ ara jìtá. Bí ẹ bá ta á, ó yẹ kó dún "dùn-dùn" kó sì gé, kó má ṣe máa hu. Bí ẹ bá tẹ ọwọ́ mọ́ ọn jù, okùn á kú pátápátá. Ẹ sún ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Okùn kejì àti kẹta ní tiwọn gbọ́dọ̀ dún gbangba. Ohùn kúkúrú méjì, ohùn gbangba méjì: ìyẹn ló ń mú kí orin náà máa rìn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ.

Ní ìparí G, ẹ ó rí okùn karùn-ún láìtẹ̀, lẹ́yìn náà fret 2 rẹ̀. Àtẹ̀gùn tó ń gbé wa padà sí D nìyẹn. Níbẹ̀, ẹ gbà kí gbogbo ìka gbéra àfi ìka òrùka yẹn (mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́). Ẹ fi ìfábẹ̀lá tẹ fret 2, bí ó bá sì ti dún tán, kó fò lọ sórí okùn kẹta fún D.

Ẹ má ṣe fi márùn-ún kún ìyára metronome àyàfi bí ẹ bá ti ta ìyípo mẹ́wàá léraléra láìkọsẹ̀. 50, 55, 60. Ní 70, ó máa ń dà bíi pé gbogbo nǹkan tún dàrú. Ó ṣe èmi bẹ́ẹ̀. Ẹ padà sí 60 fún ọjọ́ méjì, kí ẹ tó gòkè. Ìṣẹ́jú ogún lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta ní ọjọ́ Sátidé lọ. Ẹni tó bá ti mọ kọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀ lè dé 98 láàárín oṣù kan àbọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jìtá, kó fún ara rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹnu kọ ọ́

Ẹ má ta ọ̀kọ̀ọ̀kan okùn nígbà tí ẹ bá ń kọrin, ó kéré tán ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gba kọ́ọ̀dù lódindi: wálẹ̀ ní gbogbo kíkà, pẹ̀lú sókè ní "àti" tó tẹ̀lé èjì àti ẹ̀rin. Lẹ́yìn ègbè, ẹ tẹ́tí dáadáa: kọ́ọ̀dù F àti C máa ń já wọlé fírí kí ó tó padà sí D. Ẹni tó ń sùn lórí jìtá á kọjá rẹ̀. Ẹ tún gbọ́ ohùn Van Zant ní ìbẹ̀rẹ̀ orin, tó ń sọ pé kí wọ́n gbé e sókè. Kò sí lára ọ̀rọ̀ orin. Ohùn inú ẹ̀rọ tó dé sétí ló kéré sí i, ó ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ studio, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àwo.

Sólò, àti ìjà lórí ibi tí ilé wà

Mi ò ní kọ sólò náà, ibi tí jìtá kan ti ń dá ṣeré nínú orin, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan síbí. Ó gùn, ẹ sì máa kọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá fi etí wá a. Mo kàn máa fún yín ní àgbàlá tí ẹ ó ti ṣeré. Ohùn márùn-ún ni: G, A, B, D, E. Ẹ rí wọn ní ìsàlẹ̀ ọrùn jìtá báyìí: okùn kẹfà, fret 0 àti 3, karùn-ún, 0 àti 2, kẹrin, 0 àti 2, kẹta, 0 àti 2, kejì, 0 àti 3, kìíní, 0 àti 3. Gbogbo rẹ̀ tún wà ní òkè láti fret 12: ẹ fi 12 kún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Okùn á rọrùn láti fà níbẹ̀. Ẹ ní kí ẹnìkan máa ta ìyípo náà, tàbí kí ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ sì máa rìn kiri lórí ohùn márùn-ún yẹn. Bí C bá dé, ẹ sinmi lórí G tàbí E. Bí D bá dé, ẹ sinmi lórí D tàbí A.

Ohùn márùn-ún yẹn, ti G ni. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ed King sọ pé ojú àlá ni sólò náà ti wá bá òun, ó sì ta á bí ẹni tó gbà pé G ni ilé orin náà, ìyẹn ohùn tí orin máa ń padà sí láti sinmi. Al Kooper tó ṣe kòkáárí àwo náà ní D ni, pé sólò náà ò sí nílé. Títí di òní, bí ẹ bá fẹ́ da ìpàdé àwọn onígìtá rú, ẹ bi wọ́n pé D ni àbí G.

Bí ẹ bá ju ẹyọ kan lọ

Jìtá mẹ́ta ló wà nínú ẹgbẹ́ yẹn nígbà náà: King, Rossington àti Allen Collins. Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹgbẹ́ jùjú King Sunny Adé dáadáa mọ bí ọ̀pọ̀ jìtá ṣe ń jọ dún láìgba ara wọn létí: ẹnìkan dúró lójú kan, ó ń sọ ohun kan náà títí, òmíràn ń dá a lóhùn láti òkè. Ẹ pín in bẹ́ẹ̀. Ẹni kan mú egungun tí mo kọ sókè. Ẹnì kejì má ṣe ta nǹkan kan ní D àti C. Kó dúró de G, kó sì fi ohùn kúkúrú mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti inú ohùn márùn-ún yẹn dá ẹni àkọ́kọ́ lóhùn. Dídákẹ́ yẹn le ju títa lọ. Èmi àti bọ̀dá mi ti jà lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù, bí ẹ ṣe máa parí rẹ̀. Lórí àwo, orin náà ò parí. Dùùrù Billy Powell ń ta lọ, ohùn gbogbo wọn sì ń rọlẹ̀ títí tí a kò fi gbọ́ wọn mọ́. Níwájú èèyàn, ẹ ò lè parẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní láti gba kọ́ọ̀dù kan tó kẹ́yìn kí ẹ sì jẹ́ kó dún títí tó fi kú. Èmi máa ń dúró lórí D. Bọ̀dá mi, tí wọ́n ti ń ta jìtá kejì báyìí, máa ń dúró lórí G, wọn kì í sì í bi mí kí wọ́n tó ṣe é.